Ẹnu Tí Kò Kò

Lọ́jọ́bọ̀, òjò àárọ̀ kò tíì dá tán ní Òkè-Baálẹ̀
tí Bàbá Ọ̀ṣúngbadé fi ti katakata rẹ̀ dé iwájú ṣọ́ọ̀bù mi,
katakata kékeré, agékoríko,
pupa rẹ̀ ti ṣá bí ata tó pẹ́ nínú oòrùn.
Òun ló ń gé pápá ilé ìwé kan lójú ọ̀nà Ìlobù.
Ìdájí ló máa ń gé e, kí àwọn ọmọ tó dé.

"Rewáyà," ó ní, "má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu púpọ̀.
Gílóòbù mẹ́ta ni mo ti rà láàárín oṣù méjì.
Ojú mi ló ń kú."
Ó fọwọ́ kan jígí ojú tó rà l'Ọ́jà-Ọba,
okùn ló fi so apá rẹ̀ kan.
"Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gé òdòdó ọ̀gá àgbà mọ́ koríko.
Mo rò pé koríko ni."

Mi ò dá a lóhùn. Mo kúnlẹ̀, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.
Bátìrì dára.
Fíúsì dára, ó ń wò mí bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn èké kàn.
Mo wá ń tọ wáyà bí ẹni ń tọ ipasẹ̀ òkété,
láti ẹ̀yìn súwíìṣì, gba abẹ́ táǹkì,
títí dé ibi tí akọ ti ń wọ abo,
ibi tí ẹnikẹ́ni kì í wò.
Mo fà á yọ.

Ó tutù, ó ní àwọ̀ ewé bí inú kànga àtijọ́.
Ìpẹtà ti jẹ eyín kan títí ó fi kù bí abẹ́rẹ́,
èkejì ti jó, ike rẹ̀ yọ́ bí àbẹ́là.
Iná ń dé ibẹ̀, ó ń kanlẹ̀kùn, ó ń padà sílé;
ìwọ̀nba tó ráàyè kọjá ni gílóòbù fi ń ṣẹ́jú.
Gílóòbù kọ́ ló kú.
Wáyà méjì ló ń gbé pọ̀ tí ẹnu wọn kò kò.

Níbo ni n ó ti rí irú rẹ̀? Orúkọ ara rẹ̀ ti pa rẹ́.
Ọ̀gá mi, Múfútàú, kí Ọlọ́run forí jì í,
a máa ní: má bèèrè orúkọ, ka eyín.
Mo kà á. Méjì, pẹlẹbẹ,
ọ̀kan dùbúlẹ̀, ọ̀kan nàró.
Etí tó fi ń há: ẹyọ kan, lápá òsì.
Mo da agolo mílíìkì tí mo jogún lọ́wọ́ ọ̀gá sórí àpò sìmẹ́ǹtì:
ti Dátísọ̀n, ti ọ̀kadà,
ti jẹnẹrétọ̀ tí olówó rẹ̀ kò padà wá gbà.
Mo dán mẹ́fà wò. Ìkeje wọlé, ó dún: kọ́!

Mo bó wáyà sẹ́yìn títí mo fi rí bàbà tó ń dán.
Pupa sí pupa.
Dúdú sí dúdú, torí dúdú ló ń lọ sílẹ̀, bí gbogbo wa.
Léèdì yọ́, ó sun omijé kan, ó dì.
Mo fi fasilíìnì kùn ún,
èyí tí mo fi ń pa ọmọ mi lára nígbà ọyẹ́.

"Ẹ tan án."

Òjò ti tún ṣú, aago mẹ́rin dàbí alẹ́.
Iná méjì là, wọ́n lu ògiri ilé òdìkejì,
a rí ojú bíríkì, a rí alángbá tó ń sá lọ,
a rí pósítà ìdìbò ọdún kan
tí kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó wọlé.

Bàbá yọ jígí. Ó wò. Ó tún wò.
"Àṣé kì í ṣe ojú mi."
Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ìkẹta kò jáde dáadáa.
"Láti oṣù méjì, Rewáyà,
mo ti ń dijú ka àtẹ̀gùn ilé mi,
kó lè mọ́ mi lára."

Mo kọ owó iṣẹ́ sórí páálí, mo nà án sí i.
Ó gbé e jìnnà, ó gbé e súnmọ́,
ó rẹ́rìn-ín, ó tún fi jígí sójú.

Nígbà tó máa fi lọ, òjò ò rọ̀ mọ́, oòrùn ti yọ.
Síbẹ̀ ó tan iná náà lọ títí dé ìyànà.