Igi Bọ́ra Sílẹ̀, Kò Ya Wèrè

Ọkọ mi Vilnis ló gbé e wá nínú bọ́ọ̀sì láti Kuldiga,
ọmọ lailaki kan tí kò ga tó orúnkún.
Ó fi ìwé ìròyìn tútù di gbòǹgbò rẹ̀,
ó gbé e lé itan bí ọmọ ìkókó.
Omi ń kán sí ṣòkòtò rẹ̀,
àwọn èrò ọkọ̀ ń wò ó níwòkuwò:
àgbàlagbà tó tọ̀ sára!

Ọdún mẹ́rin la fi bomi rin ewé lásán.
Ausma aládùúgbò ní ká fà á tu, ká gbin ọ̀dùnkún.
Mo ní, Ausma, ta ló ń lé ọ?
Ẹni tí ń kánjú rí òdòdó,
kó lọ ra ti oníke.

Ọdún karùn-ún, ó tanná.
Àwọ̀ rẹ̀ bí elésè àlùkò tí a fọ̀ lẹ́ẹ̀méje.
Òórùn rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, kò kan ilẹ̀kùn.
Vilnis ń tú u wò, ó ń wá elétí márùn-ún
láàárín ẹgbàágbèje elétí mẹ́rin;
wọ́n ní ẹni tó bá rí i, kó jẹ ẹ́, kó tọrọ.
Ó rí ọ̀kan. Ó jẹ ẹ́. Ojú rẹ̀ fún pọ̀.
“Oríire mà korò o, Velga.”
Kò sọ ohun tó tọrọ títí tó fi lọ.

Ẹ wo ìwà igi yìí:
nígbà tí yìnyín dé, tí mo wọ ìbọ̀sẹ̀ lé ìbọ̀sẹ̀,
tí mo fi ìborùn bò dé imú,
ìgbà náà lòun wà ní ìhòòhò goloto.
Ènìyàn ṣe bẹ́ẹ̀ lójú títì, a ó ní orí rẹ̀ dàrú.
Igi bọ́ra sílẹ̀, kò ya wèrè.
Ó mọ ibi tó kó ẹrù rẹ̀ sí.

Rudolfs, ọmọ ọmọ mi, kò mọ̀.
Nígbà ìwọ́wé tó kọjá ó mú àlùmọ́gàjí,
ó gé e rìbìtì bí orí ọmọ iléèwé.
“Ìyá àgbà, ó ti mọ́.”
Ó mọ́ lóòótọ́.
Àṣé láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni igi ti di òdòdó ọdún tó ń bọ̀,
ó so ó mọ́ ṣóńṣó ẹ̀ka bí owó létí aṣọ.
Ọmọ mi gé etí aṣọ dànù.

Ní oṣù Kẹta ó béèrè, ohùn rẹ̀ kò jáde tán:
“Ṣé mo pa á ni?”
Mo fi èékánná ha èèpo.
Abẹ́ rẹ̀ tútù yọ̀yọ̀ bí inú kùkúmbà.
Mo ní, tó bá tanná tán ni kí o gé e,
lọ́sẹ̀ náà gan-an, má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́.

Lọ́dún yìí, ewé, ewé, ewé.
Àfi ẹ̀ka kan lẹ́yìn ahéré igi ìdáná
tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó.
Àná ló wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú,
ó ń kà á ní etí, ní etí.
Ó wá fi ẹyọ kan sí àtẹ́lẹwọ́ mi, kò sọ̀rọ̀.

Mo jẹ ẹ́.
Ó ṣì korò.