Òkúta Inú Ẹ̀wà

Sídíkátù, fi ẹ̀wà yẹn sílẹ̀ ná, jókòó.
Mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì yín.
Odúnlámì fẹ́ ka ìwé Faransé,
ọ̀rọ̀ há a lọ́fun,
wọ́n ní "Kó-kó-kó, adìẹ fẹ́ yé!"
Wọ́n já fìlà rẹ̀ gbà, wọ́n sọ ọ́ sórí páànù.

O ò nà án. Mo mọ̀.
O ò bú u. Mo mọ̀.
Ẹ̀rín tó o rín ńkọ́,
ta ló ni ín?

Èmi náà rín irú ẹ̀ rí,
nígbà tí Ìbídùn ń tiro kọjá.
Títí dòní, bó bá kí mi lọ́nà ọjà,
ojú mi a wálẹ̀.

Ilẹ̀kùn Àkábà ò dá Kétu ṣọ́ rí, ọmọ mi;
èèyàn ló gbé èjìká tì í.

Lọ́la, má bá ẹnikẹ́ni jà.
Ṣáà dìde láàárín àwọn tó ń rẹ́rìn-ín,
lọ dúró ti ọmọ náà.
Bí ẹsẹ̀ rẹ bá ń gbọ̀n, jẹ́ kó máa gbọ̀n.
Pe olùkọ́.
Kó o sì ní sùúrù
kí Odúnlámì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán.

Ó yá, mú ẹ̀wà rẹ.
Òkúta ṣì wà nínú ẹ̀.