Ẹkùn Orí Àtẹ́rígbà

Ọdún tí kòkó gbówó lórí ni bàbá wa kọ́lé n'Ìjọ̀mù, l'Ákùúrẹ́.
Ó ní kí Akínṣuyì bíríkìlà fi sìmẹ́ńtì mọ ẹkùn sórí àtẹ́rígbà,
ẹkùn tí yóò máa pe orúkọ wa.
Akínṣuyì ò rí ẹkùn rí.
Ewúrẹ́ ẹ̀yìnkùlé ló ń wò mọ ọ́n:
irùngbọ̀n ńkọ́? Ó wà ńbẹ̀,
pátákò ló fi há èso kòkó mọ́yà.

Nílé ìwé, "ọmọ ewúrẹ́" ni wọ́n ń pè wá.
Bàbá ní: "Ẹ̀yin ẹ ṣáà ti mọ̀ pé ẹkùn ni."

Lánàá, wọ́n fi ọ̀dà pupa fa àgbélébùú sára ògiri.
Títì ń bọ̀.
Mọrádékẹ́ gun àkàbà tòun tòòlù;
ẹsẹ̀ kan péré ló rí yọ.

Ọmọ mi ní, ẹsẹ̀ kí nìyí?
Mo ní ẹsẹ̀ ẹkùn.
Ó ka pátákò: méjì.
Kò jiyàn.