Olú Stámen

Stámen kú, kò sọ ibi tí olú rẹ̀ ti ń hù.
Ogójì ọdún ló fi ń ti igbó páìnì Ródópì bọ̀,
apẹ̀rẹ̀ a kún, ẹnu a dì pinpin:
"Bí mo bá sọ fún ọ, wàá sọ fún Pénka."
Irọ́ kọ́. Ǹ bá sọ.

Ewúrẹ́ mẹ́sàn-án ló fi sílẹ̀
àti gbèsè koríko gbígbẹ.
Òjò dá lánàá. Bisérka pẹ́ nínú igbó.
Mo ń fún wàrà rẹ̀ lọ́wọ́,
ó mí sí mi lójú:
ilẹ̀ tútù, ewé jíjẹrà,
òórùn àpò ẹ̀wù Stámen gẹ́lẹ́.

Lọ́la, kílẹ̀ tó mọ́,
n ó tú agogo ọrùn rẹ̀,
n ó tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.
Pénka máa ń tètè jí.