Orúkọ Tó Já Bọ́ Lọ́rùn Igi

Ní Hull, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń fá ojú ẹni bí abẹ,
ilé gíláàsì kan wà nínú ọgbà ìlú.
Èmi ni mo ń ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń mú un gbóná
láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.
Ìta ń di yìnyín, inú ń làágùn.

Igi kan wà ní igun, lẹ́yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀.
Wáyà tí wọ́n fi so orúkọ mọ́ ọn lọ́rùn ṣì wà níbẹ̀;
orúkọ ló ti já.
Ẹni tó gbìn ín ti gbé e lọ sọ́run.
Ọ̀gbẹ́ni Ogden ní orí igi náà ti ń ti òrùlé,
ó ní bó bá di ọjọ́ Ẹtì
tí ẹnìkan ò sọ ohun tó ń jẹ́ àti ohun tó wúlò fún,
ayùn ni yóò bá a sọ̀rọ̀.

Mo tẹ Bọ̀ọ̀dá Òjélàdé láago ní Ìrágbìjí.
Ìdájí ni; wọ́n ti jí, wọ́n ń rin pákò.
"Ya ewé rẹ̀. Ṣé oje funfun sun?"
Kò sun.
"Kì í ṣe agbálùmọ̀ nìyẹn. Rún un. Kí ló ń rùn?"
Ewé ló ń rùn, Bọ̀ọ̀dá.
Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé.
"Ó so?"
Ẹyọ mẹ́ta, ó pupa bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ òyìnbó nínú òtútù.
"Ó lanu àbí ó panu mọ́?"
Ó panu mọ́.
Wọ́n dákẹ́. Mo gbọ́ tí àkùkọ kọ lọ́dọ̀ wọn.
"Má fipá là á o. Ó lè pani.
Jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀."

Ọjọ́ Ajé, ó panu mọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bákan náà.
Èmi náà ti jókòó rí níwájú tábìlì kan ní Croydon,
tí obìnrin kan ń fi bírò gún ìwé,
tó ní kí n yára sọ ibi tí mo ti wá.

Ọjọ́rú, bí ilẹ̀ ti ń là,
ọ̀kan ya sọ́nà mẹ́ta:
kóró dúdú ń dán bí ojú eku,
ẹran ara rẹ̀ funfun lábẹ́ wọn bí òrí.
Verlene tó ń nulẹ̀ ju mọ́ọ̀bù sílẹ̀.
"Akí!" ló ké, ó dì mọ́ igi.
Ó ní ẹja oníyọ̀ ni ìyá òun fi ń sè é ní Jàmáíkà,
inú agolo lòun ti ń bá a pàdé láti ogójì ọdún.
Iṣin ni, mo ní.
Akí ni, ó ní.

Mo kọ méjèèjì sára ìdérí ike áísìkirimù,
mo kọ ìwúlò rẹ̀ sísàlẹ̀ bí Bọ̀ọ̀dá ti kà á fún mi:
jíjẹ; eérú èèpo rẹ̀ fún ọṣẹ;
igi rẹ̀ fún òpó, ikán kì í jẹ ẹ́.
Ogden ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. "Ikán? Ní Hull?"
Kò sọ pé ó yọ̀ǹda. Kò mú ayùn.
Ó fi èékánná ha àmì tó wà lábẹ́ ṣ,
ó ní ṣé ìdọ̀tí ni.
Mo ní rárá,
gbòǹgbò ni.