Ìrìn Tó Di Ẹ̀rín

Èmi ni mo máa ń pa àtíkè fún un lójú.
Ọdún mẹ́tàlélógún. Ìka mi mọ iwájú orí rẹ̀
ju ìyàwó rẹ̀ méjèèjì lọ.
Ẹ má bi mí bóyá ènìyàn dáadáa ni.
Ẹ bi mí níbi tí òógùn ti kọ́kọ́ ń yọ sí i lára:
abẹ́ etí òsì ni, kí wọ́n tó tan iná.

Cuthbert Threlfall, ọmọ ẹlẹ́ja ní Fleetwood,
níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń fi iyọ̀ kun fèrèsé,
tí òwúrọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́ta òru.
Ó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, àpótí ẹja já lù ú lẹ́sẹ̀.
Egungun fọ́, egungun jiná,
ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún ò bá tòsì ní àdéhùn mọ́.
Bó bá ń lọ, ẹ ó rò pé ó ń bọ̀;
bó bá ń bọ̀, bí ẹni ń bẹ ilẹ̀ pé kó dúró.
Àwọn alábàárù èbúté wò ó, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.
Ọmọ mìíràn ì bá sunkún wọlé.
Òun yí padà, ó tún un rìn,
ó ń ka iye ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Ìrìn di ẹ̀rín. Ẹ̀rín di oúnjẹ.
Ní Skegness, nínú gbọ̀ngàn orí afárá òkun,
òjò ń jò sínú dùùrù,
àwọn arúgbó mọ́kànlá ń wòran, pẹ̀lú ajá kan.
Ó ní ajá náà ló kọ́ òun níṣẹ́:
bó bá ti dìde, àwàdà ti gùn jù.

Lẹ́yìn náà, telifíṣọ̀n. Alẹ́ Sátidé, aago méje,
eré ìbéèrè, aṣọ rẹ̀ ń dán bí ẹ̀yìn ẹja.
Yóò wọlé, yóò fẹsẹ̀ kọ díẹ̀, yóò ní:
"Ẹ jókòó, mi ò tíì ṣubú!"
Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ń sọ ọ́, oníṣègùn eyín ń sọ ọ́.
Wọ́n ní òkè là ń wò, a kì í wo ìsàlẹ̀ amúkùn-ún.
Ti Cuthbert, ìsàlẹ̀ ni gbogbo Bìrìtéènì ń wò,
èmi nìkan ni mò ń wo òkè.

Ẹni tó borí gba owó.
Ẹni tó pàdánù gba fìlà òwú fún ìkòkò tíì,
tí ìyá Cuthbert fọwọ́ ara rẹ̀ hun
lẹ́bàá fèrèsé oníyọ̀ ní Fleetwood.

Ìyá kú lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Sátidé, iná tàn.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pa àtíkè, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣàn lọ.
Àtíkè ò mọ omijé yàtọ̀ sí òógùn.
Ó jáde, ó ní òun ò tíì ṣubú. Gbọ̀ngàn mì tìtì.
Láti ọjọ́ náà, ilé iṣẹ́ kan ní Leicester ló ń hun fìlà.
Kò sẹ́ni tó fura,
àfi àtàǹpàkò rẹ̀ tó ń wá kókó
tí ìyá rẹ̀ máa ń ta sí etí òwú.

Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin dé láti Manchester pẹ̀lú fáìlì.
Wọ́n ní kò bójú mu mọ́, ká máa fẹsẹ̀ ènìyàn rẹ́rìn-ín.
Bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ. Mi ò mọ̀.
Mo mọ̀ pé wọn ò bi ẹlẹ́sẹ̀.

Lọ́dún kejìdínláàádọ́rin rẹ̀, ó gbà kí wọ́n là á, kí wọ́n tò ó.
Ó rìn gbọọrọ létí òkun láàárín ìlú rẹ̀,
kò sẹ́ni tó dá a mọ̀.

Ó kanlẹ̀kùn mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá.
"Edna, wò mí."
Ó rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí sítóòfù, ó tọ́ bí ológun.
Ó gbójú sókè, ó ń wò mí
bí ẹni tó ń ka èrò inú gbọ̀ngàn.
Èmi nìkan ni.
Mi ò rẹ́rìn-ín.
Ó bọ́ fìlà lórí ìkòkò tíì mi, ó wá kókó náà títí ó fi rí i,
ó jókòó.