Ìwé Yòókù

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán
tí mo ti gbé ọ̀kadà sínú ọkọ̀ ojú omi,
ọkọ̀ tóóró tó na apá oparun méjì bí akàn,
a ń sọdá sí abúlé kan lẹ́yìn òkè ní erékùṣù Sámà.
Àpò mi wà láyà mi. Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀:
Bíbélì tí ìyá mi fún mi nígbà ìrìbọmi,
ìwé gbèsè onílà pupa,
àti búrẹ́dì tí n kò ráyè jẹ.

Ẹ má bi mí èwo ló wúwo jù.

Ilé ìjọsìn wọn kò ní òrùlé mọ́.
Ìjì oṣù Kọkànlá gbé páànù rẹ̀ sórí igi àgbọn,
ó fi í síbẹ̀ bí ẹni sá aṣọ.
Obìnrin mẹ́jọ jókòó, wọ́n so owó mọ́ etí aṣọ,
òórùn ẹja gbígbẹ ń bẹ lọ́wọ́ gbogbo wọn.
Rosenda yá ẹgbẹ̀rún márùn-ún pẹ́sò, ó fi ra àwọ̀n.
Ludivina yá ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ó fi ra ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ méjì;
ọ̀kan kú, ó sọ èkejì ní Senyora,
kò wá lè tà á mọ́.
Krisanta yá ẹgbẹ̀rún mẹ́rin láti fi tún ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ kàn.
Ìjì gbé ọkọ̀, ó gbé ọkọ.
Gbèsè nìkan ni kò mọ bí a ti ń rì.

Lórí ògiri ọ́fíìsì wa, a fi ọ̀dà wúrà kọ ọ́ pé ìfẹ́ ni.
Abẹ́ rẹ̀ gan-an la lẹ iye èlé mọ́.

Bí ìṣe mi, mo dìde, mo ṣí Bíbélì,
mo fẹ́ ka ti opó tí òróró rẹ̀ kò gbẹ.
Ìyá àgbà Baltasara, tí eyín rẹ̀ ku mẹ́ta tí ohùn rẹ̀ pé,
nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé:
"Arákùnrin Nemesio, ìwé yòókù ni kí o kọ́kọ́ ṣí.
Ọdún mẹ́fà rèé tí o ń wàásù fún wa kí o tó gbowó,
n kò gbọ́ ẹyọ kan rí.
Bí o bá ń sọ ti Jésù, iye tí mo jẹ ni mò ń kà.
Gba tiwa ná. Ẹni tí kò ní, jẹ́ kó sọ pé òun kò ní,
kí etí wa tó là."

Ẹ̀rín bú. Krisanta kò rẹ́rìn-ín.

Mo ṣí ìwé yòókù.
Nígbà tó kàn án, ó gbé ogún pẹ́sò kalẹ̀,
ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ títí ó fi dọ́gba:
"Kọ ọ́, kí ìwé má baà sọ pé n kò wá."

Ẹ̀yìn ìyẹn la tó ka ti òróró.
A dìde fún Àdúrà Olúwa.
Nígbà tí a dé ibi gbèsè, ibi ìdáríjì,
ohùn obìnrin mẹ́jọ gba ibi tí òrùlé wà tẹ́lẹ̀ lọ,
tèmi há lọ́fun bí egungun ẹja.
Mo wúkọ́. Baltasara wò mí, kò sọ nǹkan kan.

Baba, ta ni mò ń fi báírò yìí sìn?
Owó tí mo gbà lónìí ni obìnrin mìíràn ń retí lọ́la;
bí mo bá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ọwọ́ òfo ni n ó gbé lọ bá a.
Bí n kò bá sì pa nǹkan kan rẹ́ ńkọ́?

Inú àlàfo kékeré tí wọ́n ní ká máa kọ ìdí sí,
tí ọ̀gá mi máa ń kọ "àwáwí" sí,
mo kọ ọ̀rọ̀ méjì: Ó wá.

Mo padà sídìí ọ̀kadà, àpò mi ti ṣí sílẹ̀.
Búrẹ́dì mi ti bá Senyora lọ,
èérún rẹ̀ ṣì wà nímú rẹ̀.
Ludivina ń bẹ̀bẹ̀, ó ń wá owó létí aṣọ.
N kò kọ ìyẹn sílẹ̀.